Sààrì Ìyálé Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ìyálé mi kì í pe àtọ̀gbẹ ní àìsàn. "Ọkọ mi kejì" ló ń pè é. Bí mo bá bu tùwó fún un, á ní, "Ìyàwó, dín in kù, ọkọ mi ń wò wá." Tí mo bá yíjú, á tún bu òmíràn kún un.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú tí kò rí ojú ènìyàn dáadáa mọ́, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi Hausa kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Toh, ààwẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń gbà á kí wọ́n tó bí ẹ."

Ààwẹ̀ kò sì sí láìsí sààrì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jẹ odidi abọ́ tùwó kan. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti gòkè.

"Hajiya, kí lẹ jẹ?"

"Sààrì ni. Ṣé ẹ kì í gbààwẹ̀ ni?"

Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sílé ní Maitumbi, ó ní, "Ìyàwó, bí ebi bá fa ṣúgà yìí wálẹ̀, mo lè sùn lórí tábìlì wọn kí n má jí mọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, àwa méjèèjì la ò fẹnu kan nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ó wò mí títí.

"Subhanallahi! Ìyàwó, ta ló sọ ẹ́ di arúgbó báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."