Fíríìjì Gbígbóná Bàbá Òtútù

Ìyá Aránṣọ ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra òwú nígbà tó pàdé fíríìjì ara rẹ̀ lójú títì. Kò kọ́kọ́ gbà pé tòun ni. Ó ń wo ọmọlanke tó ń bọ̀ àti ọkùnrin méjì tó ń tì í, ó sì rò pé ẹnì kan ló ra irú fíríìjì òun. Àfìgbà tó rí bébà tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó sì rí nọ́ọ̀sì kan, oníbàárà ọkọ rẹ̀, tó ń rìn tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni nọ́ọ̀sì wí, ojú ń tì í. "Bàbá ló ní ká máa gbé e lọ."

"Ọbẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú rẹ̀, mà. Wọ́n ní ká rọra tì í, kó má dànù."

Àpò òwú bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi wà nílé ọkọ rẹ̀, ó sì rò pé kò sí ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe mọ́ tó lè ya òun lẹ́nu.

Ọkọ náà ti dolóògbé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá Òtútù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé fíríìjì ló ń tún ṣe, kò sì sí èyí tó kú tí kò lè jí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn kí nǹkan kàn máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ó ti fi mọ́tò fáànù ṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà gbá ilẹ̀, ó gbá garawa omi dànù, ó sì gbá tẹ̀ lé ológbò aládùúgbò jáde. Ológbò náà ò padà wá mọ́.

Ìjàpá kan ló dá ọ̀rọ̀ fíríìjì yìí sílẹ̀. Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fi í sílẹ̀ fún un, Bàbá Òtútù sì sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà. Ó ní ìjàpá náà nìkan ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun dópin nínú ilé. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó yé ẹyin mẹ́fà, tó sì bá tirẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn, ó dun Bàbá Òtútù wọra.

"Irú ìyá wo nìyí? Ó dáa, èmi á bá a sàba."

Ó kó ẹyin sínú páálí, ó tan gílóòbù sí i. Adìẹ ló mọ̀, nítorí náà ó ń yí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí àgbébọ̀ ṣe ń yí tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Kò sí èyí tó pa. Tíṣà kan tó gbé fíríìjì wá ló ka ìwé fún un pé ẹyin ìjàpá kì í fẹ́ yíyí. Bí wọ́n bá ń yí i, ọmọ inú rẹ̀ lè kú. Bàbá Òtútù jókòó sórí àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo ń pa wọ́n," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀, tó ti múra àtifi í ṣe yẹ̀yẹ́, bu omi fún un mu.

Lọ́dún kejì, Ìyá Àgbà yé márùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Òtútù fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e, kí òkè má di ìsàlẹ̀. Àpótí tí ooru ò ní jò lára rẹ̀ ló ń wá, fíríìjì tí nọ́ọ̀sì gbé wá fún àtúnṣe ló sì wà nílẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ òtútù rẹ̀, ó fi gílóòbù méjì sí i, ó da iyanrìn sínú àwo ẹ̀fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹyin síbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe wá gba ẹrù rẹ̀, tó ṣí i, ooru gbá a lójú.

"Bàbá, fíríìjì mi ń gbóná."

"Ara rẹ̀ ti yá nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ."

"Kò ṣeé gbé. Ó lóyún."

Ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ẹyin náà títí, ó sì yọ tẹmómítà inú àpò rẹ̀ fún bàbá. Bí fíríìjì Ìyá Aránṣọ ṣe di ti nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Inú Ìyá Aránṣọ kò tètè rọ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì. "Bàbá yìí, láti ọdún tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò ṣe nǹkan kan tó ṣiṣẹ́ rí. Ọjọ́ tí ohun ẹlẹ́mìí bá jáde nínú àpótí yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni màá máa pè yín."

"Ẹyin lọ̀rọ̀ o," ni Bàbá Òtútù dáhùn. "O ti sọ ọ́, kò ṣeé kó mọ́." Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n" sára ilẹ̀kùn fíríìjì, ó sì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ níbi tí ọjọ́ òun oṣù yóò wà.

Nígbà tí iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ méjì, ó ki ìgò omi gbígbóná yí àwo ẹyin ká, ó sì fi aṣọ tó nípọn jù nínú yàrá ìránṣọ bo fíríìjì náà. Àfi bí ìyàwó ojú ọ̀nà kan ṣe wọlé láti wá wọn aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò, tó bá a lọ́rùn fíríìjì. Omidan náà ò lè pariwo, kò sì lè jókòó. Bàbá Òtútù wo aṣọ náà lókè nílẹ̀, ó ní, "Ìbàdí ló fún un díẹ̀."

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún tí ẹyin ti wà nínú fíríìjì, ọkàn Bàbá Òtútù dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò ṣàìsàn. Wọ́n bá a lórí ìjókòó níwájú fíríìjì, tẹmómítà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìsìnkú, àbúrò ọkọ ní kí wọ́n ti àpótí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè gba àga. Ọkùnrin mẹ́ta ti di í mú. Ìyá Aránṣọ, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀. Wọn kì í yí i."

Gbogbo wọn yanu. Obìnrin tó ti ń fi fíríìjì náà ṣépè fún oṣù mẹ́ta ló fara bò ó bẹ́ẹ̀. Orí ìdúró ni wọ́n ti ṣe gbogbo ètò ìsìnkú náà.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wo tẹmómítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó lè jẹ́ pé òfo ni gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá pa iná yẹn, ohun tó kù nínú iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tán nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́fà, ó ń rán kọ́là ẹ̀wù lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohun kan tó ń ha, bí èékánná lára bébà. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó ṣí fíríìjì. Ẹyin kan ti lu, imú kan tí kò tóbi ju orí píìnì ìránṣọ lọ sì yọ síta. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ó jókòó síbẹ̀ títí orí fi jáde, tí ojú fi là, tí ọmọ ìjàpá náà sì wò ó láì mira, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin.

Ìyá Aránṣọ rọra ti ilẹ̀kùn. Pẹ́ńsùlù ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí fíríìjì níbi tó fi í sí. Ó kọ ọjọ́ òun oṣù sórí ìlà náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ kú iṣẹ́."