Ẹní Méjì Tí Mo Gbé Lọ sí Àjàṣẹ́

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní bùrò, ọ́fíìsì ìjọba kan láàárín ìgboro Àjàṣẹ́, gbogbo ará ilé wa ní Ìtakété ló yọ̀, àfi èmi. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò wù mí. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé lọ́dọ̀ àwọn sista ìjọ Àgùdà, ìka mi sì yá. Ibi tí màá máa gbé ló ń já mi láyà, nítorí ilé kan wà ní Àjàṣẹ́ tí a kì í dárúkọ níwájú ìyá mi.

Ilé náà wà ní àdúgbò Dowa. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, télọ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí òdodo. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí, ibẹ̀ náà ni ìyá tó bí i kú sí. Àárọ̀ ni màmá àgbà kú, wọ́n sì ti sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Kí ìyá mi tó rí ọkọ̀ ní Ìtakété, kó tó dé Dowa, wọ́n ti bo ilẹ̀, àwọn ààfáà ti ń jẹun. Kò rí ojú ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ò lè dúró dè mí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní ó dáa, ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé náà mọ́. Ó yí padà láìwọlé, láìrí sàréè. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. Mo dàgbà tán, kò tíì padà lọ.

Ṣé ẹ wá rí wàhálà mi? Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ní ẹbí nílùú kì í lọ gba yàrá lọ́wọ́ àjèjì. Ẹ̀gàn ni, wọ́n á ní ẹbí rẹ̀ ló lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ẹrù mi lọ sí Dowa, lójú tèmi, mo ti lọ gbè sẹ́yìn àwọn tí kò dúró de ìyá mi. Mo bi bàbá mi léèrè. Ó ní kí n lọ bi ìyá mi. Mo bá ìyá mi ní ibi tó ti ń rẹ́ ilá.

Ó ní, "Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o máa gbé. Ìwọ lò ń lọ ṣiṣẹ́, kì í ṣe èmi."

Mo ní, "Ṣé kí n lọ sí Dowa ni?"

"Ṣé mo ní kó o lọ sí Dowa?"

"Ṣé kí n má lọ ni?"

"Ṣé mo ní kó o má lọ?" Ó ń rẹ́ ilá rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Inú bí mi. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá mi kì í sì í sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tó ń bá mi di ẹrù, ó di aṣọ, ó di ọṣẹ dúdú, ó di gàrí, ó wá ká ẹní méjì pọ̀, ó fi okùn dè wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ tuntun. Èkejì ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé. Mo dá a mọ̀ níbi tí etí rẹ̀ ti já. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni mí, kí ni mo fẹ́ fi ẹní méjì ṣe?

"Ẹní kì í pọ̀ jù nínú yàrá," ó ní. "Gbé e."

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èyí tí ìyá mi sọ fún mi kò di odindi rárá. Bó ti wà ní ààbọ̀ ni mo gbé e wọnú bàṣé, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn, tí ẹní méjì náà sì ń gún ẹni tó jókòó tì mí nímú títí a fi dé Àjàṣẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Níkẹyìn, mo ní ó sàn kí ojú tì mí ju kí n dun ìyá mi. Mo bi awakọ̀ bóyá ó mọ ẹni tó ní yàrá, ó sì júwe ilé obìnrin Gùn kan fún mi ní Tokpota, opó kan tó ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Obìnrin náà kò gbọ́ Nàgó, Yorùbá tí à ń sọ, èmi náà kò gbọ́ Gùn. "Kú àbọ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì jọ ní, ó sì ń kí mi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nígbà tí mo bá ń jáde lọ. Mo tẹ́ ẹní tuntun, mo gbé ti ìyá mi ti ògiri.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí àwọn ará bùrò bá bi mí níbi tí mò ń gbé, lónìí màá ní Tokpota ni, lọ́la màá ní ẹbí mi wà ní Dowa. Nígbà náà, olórí mẹ́ta ló ń ṣe ìjọba Dàhòmì, wọ́n ní kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará bùrò máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Èmi kì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín tó bó ti yẹ, ọ̀rọ̀ tèmi ò kúkú dáa ju tiwọn lọ.

Àjàṣẹ́ kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe jáde ní bùrò, mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́nu géètì, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ bó bá bínú.

Ó ní, "Wọ́n ní Tokpota lo wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Irọ́ ni. Ìyá mi kò ní kí n kí ẹnikẹ́ni.

"Ó ní kó o kí mi?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn náà mọ́ ọwọ́, ó tún tú u. "Yàrá màmá àgbà yín ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n gbá a." Ó ní ó dàárọ̀, ó sì lọ. Mo wá dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ẹni tí màá bínú sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Ọ̀sán ni. Orin ológun ṣáá ni rédíò ń kọ. Ọ̀gá wa ní ká máa lọ sílé. A dé ẹnu géètì, ó ní ká padà. A jókòó, ó ní ta ló ní ká jókòó. Mo bi í léèrè orúkọ ẹni tí màá kọ sábẹ́ lẹ́tà tí mò ń tẹ̀ lọ́wọ́, torí kò dá mi lójú pé ẹni tí a ń kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí àga. Ó ní kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Mo rìn lọ sí Tokpota pẹ̀lú ìbẹ̀rù, opó náà sì kí mi kú àbọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò jáde. Mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń bọ̀, tó ń mí helehele.

Ó ní, "Ìyá rẹ wà nílé."

Mo ní, "Ilé wo?"

"Ilé wa. Ilé wo tún ni?"

Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà. Ìyá mi gbọ́ nínú rédíò ní Ìtakété pé ṣọ́jà ti gbàjọba, ó sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rí. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé tààrà, ó ń pe orúkọ mi, ó gba iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Òfìfo ló bá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá sọ fún un pé n kò gbé ibẹ̀ rí.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá a, lórí sìmẹ́ǹtì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Fèrèsé yàrá náà ṣí sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí sàréè màmá àgbà níbẹ̀, wọ́n ti rẹ́ ẹ dáadáa. Ojú ìyá mi pọ́n. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé kò sóhun tó ṣe mí. Ó wá wo ọwọ́ mi tó ṣófo.

"Ẹní dà?"

Mo ní wọ́n wà ní Tokpota.

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì, Ìyá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí ọkùnrin tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọmọ tí mo rán níṣẹ́." Ìyá mi ní kí n lọ gbé wọn wá, ilẹ̀ tutù.

Mo lọ. Ìgbà náà ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn di odindi: ẹní kejì jẹ́ ti ìyá mi, Dowa ló ti fẹ́ wá sùn lé e. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, àwọn tí mò ń pàdé lọ́nà á rò pé àwọn ṣọ́jà ló kó ìpayà bá mi. Mo di ẹrù mi, mo ní ó dàbọ̀ fún opó náà. Òun náà ní ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì tí a jọ ní nìyẹn, a kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Dowa, ìyá mi gba èyí tí etí rẹ̀ já lọ́wọ́ mi. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fèrèsé, ó sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í pé níbo ni kí n tẹ́ tèmi sí. Ó ní ibi tó bá wù mí.