Ọjọ́ Tí Mo Súre fún Àwọn Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹnu ìyàwó mi, Mummy Tèmi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí! Mo wà níbẹ̀ o, ojú mi méjèèjì ló là, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé mo rí kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Mummy Tèmi ti wá rò ó fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn, mo ní kí n kúkú fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Nígbà summer la kó láti Ìbàdàn wá sí Lawrenceville, ní Amẹ́ríkà níbí. Ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ń lọ sí ọ́fíìsì ní Downtown. Àwa méjèèjì ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Tèmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni kò rí. Bó bá ti school dé, yàrá ló ń wọ̀ tààrà. Ó ní òun nìkan lòun ń dá jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń gún ni lọ́kàn.

Nígbà tí ooru rọlẹ̀, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbi eré kan tàbí òmíràn. Mo ní kí Tèmi lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá gbà pé òun á gbá game kan péré. Bí kò bá dùn mọ́ òun, kí n má dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀ mọ́ láéláé. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Lọ́jọ́ ìdánrawò, kóòṣì wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, pè wọ́n jọ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan! Háà! Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ò lẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i? Òótọ́ ni pé orúnkún kan ò pé, ṣùgbọ́n mo fojú fo ìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àárín ọmọlúàbí la kó ọmọ wá. Ta ló bi mí?

Ó di Sátidé, ọjọ́ game. Òtútù mú, mo bá lọ mú jákẹ́ẹ̀tì nínú mọ́tò. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo iwájú: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì ti kúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí rẹfirí, bàbá àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ funfun. Mo ní, àbí ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń kí bàbá!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ jákẹ́ẹ̀tì sí èjìká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo ké sókè pé, "Ẹ ó dàgbà! Ẹ ó gbó o! Ẹ̀yin náà á rí ẹni kúnlẹ̀ kí yín!" Mo tún yọ fóònù, mo ń ya fídíò. Àwọn òbí tó kù ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Mo rò pé torí wọn ò gbọ́ Yorùbá ni.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi sáré kọjá lára mi, ó jágbe: "Daddy Tèmi! Ọmọ yín ló wà nílẹ̀ tí ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn!"

Mo tún ojú wò. Lẹ́yìn rẹfirí, Tèmi ló nà gbalaja sórí koríko, tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú! Àṣé níbí, bí ọmọ kan bá fara pa, ńṣe làwọn tó kù máa ń kúnlẹ̀ títí yóò fi dìde. Àti ti kóòṣì ọjọ́sí, àṣé ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kó lè rí ojú gbogbo wọn ni. Èmi ń súre!

Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ kàn rọ́ díẹ̀ ni. Wọ́n gbé Tèmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi yìnyín sí i lẹ́sẹ̀. Ó fa jẹ́sì bojú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, èmi ni. Mo ní, ó ti tán, game kan péré náà nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn wá jókòó tì í, ó bi í pé kí ni dádì ẹ̀ ń pariwo. Tèmi ṣí jẹ́sì kúrò lójú. Ó wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ̀ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì! Bí àwọn tó kù ṣe wá nìyẹn, wọ́n ní kí Tèmi kọ́ àwọn. Nígbà tí game fi máa parí, wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún ara wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo "Ẹ ó dàgbà" pẹ̀lú ohùn tó wọ́ bí ọ̀nà oko. Ọmọ mi wà láàárín, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Nínú mọ́tò, mo rọra bi í pé, ọ̀rọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?

Ó ní, "Mo máa lọ. But Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ jókòó sínú mọ́tò."

Ìyá ẹ̀ dáhùn pé, "Jókòó kẹ̀? A máa tìlẹ̀kùn mọ́ wọn ni!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe kí ẹ tó yìn wọ́n. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti dójú ti ọmọ yín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sọ tiyín kí n mọ̀ pé mi ò dá wà. Sátidé sì ti ń bọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tí ẹ sì ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yín láti ìta, ṣé ẹ máa lè jókòó sínú mọ́tò?