Ìjì Tó Jẹ́ Orúkọ Ìyá Mi

Ọmọ tiwa máa ń lo ọjọ́ mẹ́jọ láyé kó tó lórúkọ. Ìjì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń lórúkọ kó tó dé rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bí ọmọbìnrin mi, orúkọ tí ìjọba fún ìjì tó ń bọ̀ kò yàtọ̀ sí orúkọ ìsàmì ìyá mi. Ìyá mi ti Ìbàdàn wá sí Peckham ní London láti bá mi wẹ ọmọ. Orúkọ wọn la sì ti pinnu láti sọ ọmọ náà ní Sátidé. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, kò sí èyí tó tíì jẹ́ ẹ, ó sì ti ń dùn wọ́n tipẹ́.

Obìnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí tẹlifíṣàn na ọwọ́ sí àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ní ìyá mi máa gba Scotland wọlé lọ́jọ́bọ̀, á da yìnyín sílẹ̀ ní Manchester, á sì dé London ní Sátidé. Ó ní kí aráàlú yẹra fún un.

Ìyá mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. "Èmi? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Scotland? Ẹ wo ọmọ kékeré orí tẹlifíṣàn yìí, ó ń pè mí lórúkọ ṣákálá. Kò tiẹ̀ fi Mummy síwájú ẹ̀!"

Ọkọ mi ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Kò lè pe orúkọ ìyá ìyàwó ẹ̀, ì báà ṣe ti ìjì. Tó bá ti wo fóònù, á rọra ní, "Wọ́n ti wó igi ní Wales o. Wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ cancel trains."

Ìyá mi á dáhùn láti kíṣìnnì: "Ta ni wọ́n? Mo ń din dòdò níbí!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rín tán. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa yà kí wa bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Camberwell. Ó ní fún mi pé, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ change orúkọ yẹn. Wọ́n máa bully ẹ̀ ní school. Orúkọ ọmọ sì ń ro ọmọ o." Ọkọ mi mi orí pé òótọ́ ni. Ìyá mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ń ká aṣọ ọmọ, wọ́n ní, "Ẹ sọ ọ́ ní èyí tó bá wù yín. Èmi ti gbó." Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì, ó bí mi sí ọkọ mi, ó sì bí mi sí ìjọba tó lọ mú orúkọ olórúkọ fún afẹ́fẹ́.

Sátidé dé, atẹ́gùn ń gbá fèrèsé bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé. Pásítọ̀ tẹ̀ wá láago pé bọ́ọ̀sì òun ò kúrò lójú kan ní Elephant and Castle. Àlejò kankan ò yọjú.

Ọkọ mi ní, "Mummy, ẹ̀yin làgbà tó wà ńlẹ̀. Ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyá mi gbé ọmọ, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n wá kọjú sí mi. "Kí ni kí n pè é?"

Mi ò pe ìyá mi lórúkọ rí láyé mi. Mo pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wò mí. "Sọ̀rọ̀ sókè. Olórúkọ mi ń pariwo níta, kò jẹ́ kí n gbọ́."

Mo pariwo orúkọ ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò wa fi gbá ògiri.