Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Mo Ṣáná Sí Nígbà Ìgogo

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi ní ilé ìṣàfihàn náà ni pé kí n lọ nu òṣùpá. Mo rò pé Ọ̀gá Ajíbóyè ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó na àkísà kan sí mi, ó sì tọ́ka sí igun yàrá. Òṣùpá wà níbẹ̀ lóòótọ́: amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n mọ róbótó sórí tábìlì, ó ní kòtò-kòtò lára, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó.

"Rọra nu inú àwọn kòtò yẹn o," ó ní. "Ibẹ̀ ni eruku máa ń sá pamọ́ sí, bí ẹ̀ṣẹ̀."

Ọdún 1987 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ìjọ wa ní Ọ̀wọ̀ ti ń rán mi níléèwé, pásítọ̀ wa ló sì kọ lẹ́tà tí mo fi rí iṣẹ́ yìí. Títí di òní, mi ò lè gbàgbé oore yẹn. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ilé ìṣàfihàn nípa òfurufú. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ ló ń bójú tó o, wọ́n sì fi Ọ̀gá Ajíbóyè ṣe olórí níbẹ̀. Ará Ìfọ́n ni ọ̀gá mi yìí, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì tún máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun àti káfíńtà kan ló fi páànù àti igi ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan dúró láàárín, ó ga tó èèyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká. Ọkọ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú fi ń padà wálé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ wọn náà wà níbẹ̀, tapólì ni télọ̀ fi rán an.

Ọ̀gá kì í fẹ́ kí n fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún àlejò. Ìpele ló ní kí n máa pe apá kọ̀ọ̀kan rọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí epo inú ìpele ìsàlẹ̀ bá jó tán, á já bọ́, kí èyí tó kù lè fúyẹ́. Asà iná ló pe ohun tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ kí ooru má bàa jó àwọn tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní inú Bíbélì lòun ti mú asà. Ìyá kan láti Upenmen wo aṣọ tapólì náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wá bi í pé, "Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ̀ nínú èyí?"

Ọ̀gá náà wo aṣọ náà. "Ìyá, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n gan-an nìyẹn."

Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a máa ń tan ní ẹ̀yìnkùlé. Agolo ni, a fi wáyà tí a ta láti ara igi máńgòrò kan dé èkejì gbé e ró. Ẹ̀tù, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń lò, la máa ń rọ sínú rẹ̀. Tí a bá ki ẹ̀tù náà wọ́ọ́rọ́wọ́, iná á ti agolo lọ lórí wáyà, á máa hó ṣìì, àwọn ọmọ iléèwé á máa pariwo. Tí a bá kì í le jù, á bú gbàmù bí ìbọn. Ọ̀gá nìkan ló ń kì í. Ní ọdún kejì ó kọ́ èmi náà.

Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dọọdún tí Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀tù: àsìkò ọdún Ìgogo. Gbogbo ará Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé nígbà náà, a kì í lùlù, a kì í yìnbọn, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Agogo nìkan la ń gbọ́. Ọ̀gá á ti ẹ̀tù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á fi fìlà rẹ̀ sílé. Èmi tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ni mo ń ráhùn.

"Sà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì fún ìjọ?"

"Bọ́láńlé, ilé onílé ni mo wà. Ẹni tó bá sùn nílé onílé, kì í na ẹsẹ̀ kọjá ẹní."

Ní ọkàn mi, mo pè é ní ojo. Mo rò pé ìgbàgbọ́ tèmi le ju tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún kẹta, nínú Ìgogo gan-an, Ọ̀gá lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n bá wa tún òrùlé ṣe. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, lọ́rì kan já àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìfọ́n ni wọ́n ti wá, tíṣà wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́nu dídùn. Ó wo gbogbo rẹ̀ tán, ó yí sí mi.

"Sísì, gbogbo ọ̀nà tí a rìn yìí, páànù lásán la wá wò? Wọ́n ní èyí tó ń fò wà níbí."

"Ó wà, ṣùgbọ́n Ìgogo la wà yìí. A kì í yìnbọn."

"Ṣé ìbọn ni?"

Ìbéèrè yẹn ló pa mí. Mo dá ara mi lóhùn pé kì í ṣe ìbọn, agolo ni. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkánjú àti ìgbéraga ni mo fi ki ẹ̀tù náà, mo kì í títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Mo ṣáná sí i.

Kò hó rárá. Ó bú gbàmù, ẹyẹ fò lórí igi, agogo tó ń dún lọ́nà ọjà sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ìlú méjì wọlé, wọn kò dé fìlà. Wọn kò jágbe mọ́ mi.

"Ta ló yìnbọn níbí?"

"Bàbá, kì í ṣe ìbọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni."

Wọ́n wo ara wọn. "Ṣé òun náà kì í dún ni?"

Wọ́n ní tí ọ̀gá wa bá dé, kó wá rí àwọn. Nígbà tí Ọ̀gá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ọ̀sán, mo sunkún sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Rárá, sà."

"Lọ ti fèrèsé."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín."

"O ní ìyá tí ò ń bọ́, àti àbúrò mẹ́ta. Èmi ti jẹun dàgbà. Ti fèrèsé."

Ó jáde lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú, ó ní ọwọ́ òun ló ṣe é, òun sì tọrọ àforíjì. Wọ́n bá a wí, wọ́n sì dárí jì í. Ọ̀rọ̀ parí lọ́dọ̀ wọn níjọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ tiwa ni kò jẹ́ kó parí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìlú á sọ pé ìjọ ń fojú di òun. Wọ́n pè é, wọ́n pe èmi náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Alága wò mí.

"Bọ́láńlé, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé òun ló ṣáná sí i?"

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó má ka Bíbélì mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí kan, ó padà sí Ìfọ́n. Wọ́n fi mí rọ́pò rẹ̀. Ní ìlú, tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá tó ń fi ẹ̀tù ṣeré yẹn," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á wà níbẹ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe lo ọdún mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Mò ń ṣàlàyé ìpele àti asà iná fún àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ polí, mò ń fi epo pa páànù kó má dípẹtà, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Àlejò ń dín kù, òrùlé ń jò. Mò ń gba ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, irọ́ yẹn sì wà lọ́fun mi. Ìfọ́n kò jìnnà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ tí àwọn onímọ́tò ń pe "Ìfọ́n! Ìfọ́n!" lójú títì, n kò wọ̀ ọ́ rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọ̀gá Ajíbóyè ti sùn nínú Olúwa. Mo ní ara mi kò yá, n kò lọ síbi ìsìnkú náà.

Ní ọdún 1998, òjò wó apá kan òrùlé lu rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá. Ìgbìmọ̀ pinnu láti ti ilé náà pa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ṣé mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dìde, mo sọ òtítọ́.

Alága àtijọ́, tí kò ríran dáadáa mọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òní lo tó ń sọ ọ́?"

"Nítorí kò sí iṣẹ́ tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́, sà."

Ó dùn mí láti gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kà á fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pé Ọ̀gá Ajíbóyè kò jẹ̀bi. Ojú tì mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n wà láàyè láti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò Ìfọ́n. Ìyàwó Ọ̀gá wà níta, ó ń sá ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀.

"Màmá, èmi ni Bọ́láńlé. Kì í ṣe Ọ̀gá ló ṣáná sí agolo yẹn. Èmi ni."

Kò dá ọwọ́ dúró. "Mo mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó kó ẹrù dé gan-an. Ó ní kí n má ránṣẹ́ sí ọ, pé ìwọ fúnra rẹ á wá. Nígbàkígbà tí mọ́tò Ọ̀wọ̀ bá dúró lójú títì, á yọjú láti ojú fèrèsé."

Mi ò lè gbórí sókè. "Màmá, ṣé ó bínú sí mi?"

"Rárá," ó ní. "Ó kàn ń yọjú ni."