Agbádá Bàbá Mi Tó Kù Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Libreville, nítorí inú ṣì ń bí mi!

Gabon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Ìbàdàn ni mo ti gboyè, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì sì ni mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti Àlàájì Músílíù, aládùúgbò mi tó ń taṣọ ní àdúgbò Sotega, ń ti ìrun bọ̀. Agbádá etù bàbá mi ni mo wọ̀. Èmi àkọ́bí ló fi í sílẹ̀ fún, òun ni mo sì fẹ́ wọ̀ lọ sílé fún fídáù ọdún kan rẹ̀. Bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, àpò àyà agbádá ni mo fi ìwé ìgbélùú mi sí.

Nígbà tá a dé àdúgbò Plaine Orety, ọlọ́pàá méjì ní ká mú ìwé wá. Tèmi pé! Mo ti ń kiwọ́ bọ àpò nígbà tí Àlàájì pariwo pé, "Tíṣà, sáré!" Ló bá fo gọ́tà.

Èmi náà sáré! Kí ló lé mi? Ọlọ́pàá kan gbá agbádá mú lẹ́yìn. Mo nawọ́ sókè, mo yọ nínú ẹ̀ bí ejò tó bọ́ awọ.

Bùbá àti ṣòkòtò nìkan ni mo wọ̀ délé. Mo wá rántí ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa: escape, bí Òyìnbó ṣe ń pe àsálà, láti inú Látìn ló ti wá, "kúrò nínú aṣọ ìlékè" ni. Ẹni tó ń lé ọ di aṣọ mú, ìwọ ti lọ. A rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà!

Àlàájì jẹ́wọ́ pé ìwé tòun ti kú láti oṣù mẹ́ta. "Mo rò pé tìẹ náà ti kú ni." Ẹ gbọ́ nǹkan!

Lọ́jọ́ kejì, nítorí ìwé mi tó wà nínú àpò agbádá, mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí àgọ́ wọn. Ọ̀gá wọn yẹ ìwé mi wò, ó ní kò lábùkù. Kí ló wá dé tí mo fi sá? Mi ò lè dárúkọ Àlàájì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sùn lórí sìmẹ́ńtì nítorí pé mo dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo bèèrè agbádá. Wọ́n ní àwọn ò rí agbádá kankan. Bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó! Dírẹ́bà wọn ti fà á ya, ó ń fi ibi ọrùn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí nu ẹ́ńjìnnì.

Àlàájì ní kí n dúpẹ́, pé aṣọ lásán ni, mo ṣáà bọ́.

"Àlàájì, kí lẹ fẹ́ kí n wọ̀ dúró níbi sàréè bàbá mi?"



Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kó dúró! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti mú yín sá eré tí kì í ṣe tiyín, kí lẹ sì fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lé yín?