Ọ́kíìdì Orí Igi Obì

Ọdún méjì ni mo fi ṣọ́ ewéko kan lórí igi obì kan ní oko bàbá mi ní Kuta. Ọ́kíìdì ni, irú èyí tí kì í ta gbòǹgbò sílẹ̀, orí ẹ̀ka igi ló ń gbé. Òun nìkan ni mo rí ní gbogbo oko náà. Olùkọ́ ìmọ̀ ewéko ni mí ní yunifásítì kan ní Ìwó, iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi sì dúró lórí rẹ̀.

Wọ́n pín ọ́kíìdì sí ẹ̀yà, wọ́n pín ẹ̀yà sí ọ̀wọ́, wọ́n tún wá pín ọ̀wọ́ sí ìdílé. Ìdílé ni mo ń wá. Ewé kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, ìdílé méjì lè ní ewé kan náà bí aṣọ ìbejì. Inú òdòdó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń dì ní kókó kéékèèké, èèyàn á sì kà wọ́n, iye wọn ló ń fi ìdílé hàn. Tèmi kò tíì yọ òdòdó rí.

Lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé ó ti rudi. Inú mi dùn, mo sọ fún bàbá mi pé màá padà wá lọ́jọ́ Sátidé, pé mo ní iṣẹ́ pàtàkì lórí igi náà. Ìyẹn nìkan ni mo sọ, èmi tí mo máa ń fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ ní kíláàsì!

Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi dé oko, bàbá mi jókòó sábẹ́ igi obì, wọ́n ń nu òógùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo gbójú sókè, ẹ̀ka igi mọ́ fónífóní.

"Mo ti bá ẹ tún un ṣe. Àfòmọ́ ló bo gbogbo ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gùn ún. Mo ti dáná sun wọ́n."

Àfòmọ́ máa ń mu omi ara igi títí igi á fi kú. Ọ́kíìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn? Orúnkún bàbá mi ń dùn wọ́n débi pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Wọ́n gun igi nítorí mi.

Mo fi igi tú eérú náà. Ó ṣì gbóná. N kò rí nǹkankan. Inú ń bí mi, n kò sì rí ẹni tí màá bínú sí.

"Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Kí tiẹ̀ lorúkọ nǹkan tó ò ń wá nínú eérú yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo rán ẹ lọ kà?"